Kí Lo Fẹ́ Fi Ọ̀pá Yẹn Ṣe?

Ní àárọ̀ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, Bàbá Géètì dá mi dúró ní ẹnu géètì àdúgbò wa ní Satellite Town. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lágbègbè wa mọ irú géètì tí mò ń sọ: irin méjì tí àwọn onílé dáwó jọ ṣe, bẹ́ńṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rédíò kékeré kan lórí bẹ́ńṣì, àti bàbá àgbàlagbà kan tó mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ àti aago tí o wọlé lánàá. Mo gbé ọ̀pá kan léjìká. Ọ̀pá náà ga jù mí lọ díẹ̀, mo sì fi àǹkárá màmá mi tó ti gbó wé e. Bàbá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ọ̀pá yẹn ṣe?”

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Ibi tí a ti ń kọ́ kung fu ní Festac ni mò ń gbé e lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́ á wá dúró kí ìwọ fi ọ̀pá nà án?” Wọ́n ṣí géètì fún mi, wọ́n ní kí n máa rọra. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kò dúró ní géètì. Ó bá mi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Alákijà, ó bá mi wọ dánfó dé Festac, ó sì bá mi padà sílé lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ dá a lóhùn níbí, nítorí Bàbá Géètì nìkan kọ́ ló ń bi mí. Màmá mi ń béèrè ọkùnrin tó máa fẹ́ obìnrin tó ń gbé ọ̀kọ̀ kiri. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa yìí ní ìtìjú ni pé ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè àti àṣà Yorùbá ń lọ kọ́ idà àwọn ará Ṣáínà. Ẹlòmíì tún ní, nínú ìlú tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń fi àdá ṣá ara wọn, ta ló yẹ kó máa kọ́ ọ̀dọ́ ní bí a ṣe ń lo irin? Ìbéèrè mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀: kí ni ìwúlò rẹ̀ láyé ìbọn, ṣé kò léwu, kí sì ló dé tó fi jẹ́ ti Ṣáínà?

Láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ ohun ìjà ni apá tó wúlò jù nínú kung fu fún ọ̀dọ́ tó ń gbé irú àdúgbò tiwa. Kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni máa yọ idà ní Alákijà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ yìí ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tí irin lè ṣe sí ẹran ara, kí ó sì bẹ̀rù irin bó ṣe yẹ ká bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń kọ́ gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé fíìmù la ti mọ kung fu. Ní ayé àwọn bàbá wa, fíìmù Bruce Lee ló gbòde. Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà táwọn wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ àga tó ti kán àti ṣéènì làwọn fi ń ṣe igi méjì tí Bruce Lee máa ń jù yípo. Igi tí àwọn ń jù mọ́ ara wọn lórí yẹn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nunchaku, kì í tilẹ̀ ṣe ti Ṣáínà ní pàtàkì. Erékùṣù Okinawa, tó wà lábẹ́ Japan lónìí, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù.

Ti Ṣáínà pọ̀. Wọ́n a máa sọ̀rọ̀ nípa oríṣi méjìdínlógún, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni òpó ilé. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pá, tí wọ́n ń pè ní gun. Èkejì ni idà olójú kan tó tẹ̀ díẹ̀ bí àdá, tí wọ́n ń pè ní dao. Ẹ̀kẹta ni ọ̀kọ̀, qiang, èyí tí wọ́n ń pè ní ọba láàárín ohun ìjà. Ẹ̀kẹrin ni idà tààrà olójú méjì, jian. Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni a fi ń kọ́ idà olójú kan, ẹgbẹ̀rún ọjọ́ ni a fi ń kọ́ ọ̀kọ̀, ẹgbàárùn-ún ọjọ́ ni a fi ń kọ́ idà olójú méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹgbàárùn-ún ọjọ́ ju ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Kò sí olè tí ẹ máa sọ pé kó dúró dè yín fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó hàn gbangba pé ẹni tó dá irú òǹkà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ohun mìíràn lọ́kàn ju ìjà ojú pópó lọ.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi di ọ̀pá mú kí ọ̀gá wa tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun mìíràn. Káfíńtà kan ní Agbójú ló gé ọ̀pá náà fún wa. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Lóṣù kejì, mo rí i pé apá kọ́ ló ń gbé ọ̀pá, ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá dúró dáadáa, ọ̀pá ni yóò máa gbé ọ kiri. Lẹ́yìn náà la dé orí ọ̀kọ̀. Ohun mẹ́ta péré ni ìpìlẹ̀ ọ̀kọ̀: kí o yí orí rẹ̀ sí òde láti fi gba ọ̀kọ̀ ẹlòmíì dànù, kí o yí i sínú láti fi ṣe bákan náà, kí o sì gún un síwájú tààrà. Ìyípo náà kò ju ẹnu abọ́ ọbẹ̀ lọ. Ohun mẹ́ta yẹn la máa ń ṣe ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kí a tó mu omi. Ẹni tó wá nítorí fíìmù kì í pẹ́ kó tó sá lọ.

Òfin tún wà. A kì í fọwọ́ kan ohun ìjà ẹlòmíì láìgba àṣẹ. A kì í na orí rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ igi lásán, àfi bí a bá ti kí ara wa tí ẹnì kejì sì ti múra. Bí a bá fẹ́ gbé idà fún ẹlòmíì, èèkù la máa ń na sí i. Ẹni tó bá rú òfin yìí á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ọjọ́ náà yóò fi parí. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra kó tó gbọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ní ìgbà ọyẹ́, torí òun ni ìdí tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ilẹ̀ ti ṣú, iná ò sí. Àwọn tánkà epo tó ń lọ sí ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí létí omi tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń tò, ẹlẹ́sẹ̀ kò sì rí ibi gbà àfi àárín wọn. Àwọn ọmọkùnrin méjì jáde láti ẹ̀yìn tánkà kan. Ọ̀kan mú àdá kúkúrú lọ́wọ́. Wọ́n ní ká kó fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi yìí gbóná nínú ìjà ọwọ́ lásán. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ga dé etí ènìyàn. Kò kọ́ ohun ìjà rí, ó ní eré ìran ni. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, mo mọ̀ pé ó fẹ́ fò wọlé. Mo wo àdá náà, mo wo ẹsẹ̀ ọmọkùnrin tó mú un, mo rí i pé ìgbésẹ̀ kan àbọ̀ ló wà láàárín wa. Mo di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi mú, mo fà á sẹ́yìn, mo gbé fóònù mi kalẹ̀, mo sì tún fà á sẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i. Òun náà ju tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó o, wọ́n lọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan.

Inú bí ọ̀rẹ́ mi títí a fi dé ilé. Ó ní, “Kí wá ni gbogbo idà tí o ń kọ́ láti ọjọ́ yìí? Ọdún méjì! O kàn gbé fóònù kalẹ̀!” N kò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí, nítorí ọdún kan ni mo fi tọ́jú owó fóònù yẹn.

Èsì tí mi ò lè fún un nìyí. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀gá wa mú ọ̀bẹ igi kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì kun ojú rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa wọ aṣọ dúdú. Ẹnì kan á mú ọ̀bẹ náà, ẹnì kejì á gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà á nínú fíìmù. Gbogbo wa la ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtàwọn tó ti pẹ́ àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sí ẹnì kan tó jáde láìní ìlà funfun lára. Ti èmi wà ní ọrùn ọwọ́, ní ikùn, àti ní abẹ́ etí. Àwọn kan rí ọ̀bẹ náà gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìlà funfun mẹ́rin sí márùn-ún lára wọn. Ọ̀gá wa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ká máa wọ aṣọ náà lọ sílé bẹ́ẹ̀, ká má gbọn ṣọ́ọ̀kì náà dànù. Nínú dánfó, obìnrin kan bi mí bóyá tíṣà ni mí.

Ìlà funfun abẹ́ etí yẹn ni mo rí lálẹ́ ọjọ́ ọyẹ́. Ẹni tó ti mú ọ̀pá fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ti fi idà igi nà lọ́rùn ọwọ́ nígbà àìmọye, mọ̀ pé ìgbésẹ̀ kan àbọ̀ kò tó láti fò wọlé, ó sì tó fún ẹni tó mú àdá láti ba ayé ènìyàn jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé ó gọ̀, ìjà ọwọ́ lásán ni kò kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní akínkanjú tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ní í bá ogun lọ. Ẹ̀kọ́ ohun ìjà ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń sá. Ọdún méjì yẹn ra nǹkan tó ju fóònù lọ fún mi. Ó ra ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi, bóyá ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, àwọn ajàlèlókun ń yọ àwọn ìlú etíkun Ṣáínà lẹ́nu. Ní 1553, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀sìn Shaolin wà lára àwọn tó jáde lọ kojú wọn, ọ̀pá sì ni ohun ìjà tí a fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Qi Jiguang, tí wọ́n bí ní 1528, tó sì kú ní 1588, bá àwọn ajàlèlókun wọ̀nyẹn jà, ó sì kọ ìwé lórí bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó sọ pé ẹ̀ṣẹ́ kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ lójú ogun ńlá, pé ohun tó dára fún ni kó mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yá. Lójú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ni ẹnu ọ̀nà, ohun ìjà ni ilé. Ó tún bínú sí àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ ṣe àrà lásán kí ojú lè gbádùn rẹ̀. Bí ó bá wà láyé lónìí, tó rí àwọn fídíò tí àwọn kan ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń ju idà pẹlẹbẹ sókè tí wọ́n sì ń fò yípo, mo rò pé kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìbọn wá dé, ìbéèrè Bàbá Géètì sì dé bá àwọn ará Ṣáínà náà. Àwọn kan dáhùn rẹ̀ lọ́nà tí kò dára. Ní 1900, ẹgbẹ́ kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní Boxers dìde sí àwọn àjèjì. Púpọ̀ nínú wọn gbàgbọ́ pé bí àwọn bá ti ṣe ìdárayá àti ètùtù tó yẹ, ọta ìbọn kò ní wọlé sí àwọn lára. Àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè mẹ́jọ dojú kọ wọ́n, ìbọn sì pa wọ́n bí ìbọn ṣe ń pa ẹnikẹ́ni. Kò yẹ kí ìtàn yìí ṣàjèjì sí wa, àwa tí a mọ ohun tó ń jẹ́ ayẹta àti òkígbẹ́. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo ń sọ pé idà lè borí ìbọn. Kò lè borí rẹ̀. Olùkọ́ tó bá sọ fún ọmọ yín pé ó lè borí rẹ̀, ẹ yára mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn dáhùn lọ́nà tó dára jù. Ní 1928, ìjọba Ṣáínà dá ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan sílẹ̀ ní ìlú Nanjing fún iṣẹ́ ìjà ìbílẹ̀ wọn, wọ́n sì ń kọ́ ọ̀pá, idà àti ọ̀kọ̀ níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìbọn ti gba ojú ogun. Ìlera ara àti ọkàn àwọn ọmọ wọn, àti ogún àwọn baba wọn, ni wọ́n ń dáàbò bò. Iṣẹ́ yẹn wà nínú ohun tó jẹ́ kí wushu di eré ìdárayá tí gbogbo ayé mọ̀, débi pé wọ́n fi í sínú ìdíje Olympics àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 2026, èyí tí wọ́n gbé fún Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ìdíje Olympics àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Áfíríkà.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tó ní ìtìjú ni. Ó béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ti Ṣáínà. Mo gbà pé ìbéèrè gidi ni.

Àwa náà ní idà, a ní ọ̀kọ̀, a ní ọrun àti ọfà, a ní kùmọ̀. Samuel Johnson kọ nípa ohun ìjà àwọn baba wa kí ìbọn tó dé, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ìbọn ló sọ wọ́n di ohun àtijọ́. Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di 1893, ìró ìbọn ló fún un lórúkọ. Lónìí, idà wà lọ́wọ́ ọba àti ìjòyè lọ́jọ́ ayẹyẹ, àdá wà lóko, ìbọn ṣakabùlà wà lọ́wọ́ ọdẹ, àtòrì sì wà lọ́jọ́ eégún. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń gbé Satellite Town, tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń mí àti bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ pẹ̀lú idà lọ́wọ́, ti Ṣáínà ni yóò rí kọ́ nítòsí. Wọn kò gbọ́n jù wá lọ. Wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀ ni, wọ́n sì kọ́ ilé fún un.

Ó dùn mí jù nítorí ibi tí à ń gbé. Aládùúgbò wa ni Festac, ìlú tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Lára àjọ̀dún yẹn, wọ́n ṣe Durbar ńlá ní Kàdúná. Àwọn ẹlẹ́ṣin jáde pẹ̀lú idà àti ọ̀kọ̀ níwájú àwọn àlejò láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé ta ni ẹ fẹ́ pa. Gbogbo ayé mọ̀ pé àṣà ni. Nígbà wo ni a wá gbàgbé pé ohun ìjà lè jẹ́ ẹ̀kọ́?

Ṣùgbọ́n èdè wa kò gbàgbé. Ọjọ́ tí ọ̀gá wa kọ́kọ́ kọ́ mi ní apá ibi tí a ti ń di idà mú, kò ní orúkọ fún un ju ti Ṣáínà lọ. Èmi ni mo sọ fún un pé èèkù ni, pé ilé idà ni àkọ̀. Ó yà á lẹ́nu, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Láti ọjọ́ náà, èèkù àti àkọ̀ la ń pè é ní pápá wa ní Festac, pẹ̀lú àwọn ọmọ Igbo tó wà láàárín wa. Bí mi ò bá lọ kọ́ ti Ṣáínà, mi ò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ní ìwúlò kankan ju inú òwe lọ. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun ẹlòmíì ló máa ń jẹ́ ká rí tiwa. Mo wá ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá yín: ẹ lọ bá àwọn ọdẹ, ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ja ìjàkadì nígbà èwe wọn, ẹ lọ bá àwọn atọ́kùn eégún. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń dúró, ẹ ya fídíò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ni ìdáhùn tó yẹ ìtìjú tí ẹ ní ẹ ń rí.

Ó ku ìbéèrè tó le jù: ṣé kò léwu láti kọ́ ọ̀dọ́ ní ohun ìjà níbi tí àdá ti ń pa ọ̀dọ́? Mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Mo mọ ìdílé tó ti sin ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn, n kò sì lè lọ sọ fún ìyá yẹn pé idà jẹ́ ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àdá ṣe ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹnì kan gbé e fún wọn, ó tọ́ka sí ẹni tí wọ́n máa ṣá, ó tán. Kò sí oṣù mẹ́fà ọ̀pá, kò sí ìlà ṣọ́ọ̀kì, kò sí jíjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé o na orí igi sí ènìyàn. Àwọn baba wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọ̀pọ̀ ń lo òwe yìí fún sùúrù ẹni tó ń wá agbára kó tó gbẹ̀san. Ohun tí èmi rí ni pé bí ọwọ́ bá fi máa tẹ èèkù ní tòótọ́, lẹ́yìn ọdún àti ọdún, ọ̀pọ̀ ìbínú ni yóò ti tán lọ́kàn ẹni. Kò rọrùn láti fi irin tó ti kọ́ ọ ní ìwà ṣá ọmọ ẹlòmíì.

Síbẹ̀, n kò gbà pé kí wọ́n máa kọ́ ọ bí ẹni tí kò ní òfin. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ibi ìdárayá kọ̀ọ̀kan ṣe nìyí. Igi ni kí gbogbo ohun ìjà jẹ́, kí irin tó ní ojú má wọ pápá tí ọmọdé wà. Kí ohun ìjà máa sùn síbi ìkọ́ni, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ má máa gbé e kiri. Mo gbà pé èmi fúnra mi jẹ̀bi lórí èyí, torí kò yẹ kí Bàbá Géètì rí ọ̀pá kankan lẹ́jìká mi. Kí olùkọ́ mọ òbí àti ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó fún un ní ohunkóhun dì mú. Kí òbí lè wọlé wá wò ó nígbà tó bá wù wọ́n. Ọmọ tó bá sì jà níta, kó fi pápá sílẹ̀ títí yóò fi lọ bẹ ẹni tó bá jà. Bí ibi kan kò bá lè pa òfin wọ̀nyí mọ́, ẹ̀ṣẹ́ àti eré sísá ni kó máa kọ́ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi tó bínú sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà ti wá sí pápá wa. Mi ò pè é, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Wọ́n fún un ní aṣọ dúdú, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kun ọ̀bẹ igi, wọ́n ní kó gbà á. Nígbà tó parí, ó wo ikùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ ohunkóhun fún mi. Ó kàn rọra fọwọ́ kan ìlà funfun kan tó gba ọrùn rẹ̀ kọjá, ó sì lọ mú ọ̀pá kan níbi tí àwọn ọ̀pá tò sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún kọjá lẹ́nu géètì ní àárọ̀ Sátidé. Ọwọ́ mi ṣófo, torí ọ̀pá mi ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ní Festac. Bàbá Géètì yín ohùn rédíò wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ọ̀pá ńkọ́? Ṣé o ti jáwọ́?”

Mo ní, “Rárá o, sà. Mo ṣì ń kọ́ ọ.”

Wọ́n ní, “O ò tíì sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe fún mi.”

Mo ní, “Sà, kí n lè máa padà wálé láyọ̀ ni.”

Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí, wọ́n sì ṣí géètì.